Adìyẹ Tí Wọ́n Ṣẹ́ Lẹ́sẹ̀ Nítorí Mi

Àwọn tó ń rí mi lónìí máa ń ní mo láyà. Irọ́ ni. Ojo ni mí. Mo ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, mo ń bẹ̀rù aláǹgbá, bí wọ́n bá sì múná lọ tí mo dá wà nínú yàrá, orin ni màá máa kọ sókè kí ara mi má baà máa gbọ̀n. Ẹnu mi ló le. Tíṣà ni mí, kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé kékeré kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹni tó bá ń pariwo lé ogójì ọmọ lórí láti àárọ̀ dọ̀sán, kò sí bí ẹnu rẹ̀ ò ṣe ní í le. Ẹnu líle kọ́ ni àyà líle, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.

Ọ̀kadà ló gbá mi ní ibùdókọ̀ Command. Ọjọ́ Sátidé ni, mo fẹ́ sọdá lọ ra bébà ńlá tí màá fi ya máàpù fún àwọn ọmọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bí mo ṣe ń kọ́ wọn gan-an, ọlọ́kadà náà sì gba ẹ̀yìn yọ sí mi níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi kí n tó mọ ìrora rẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná lórí orúnkún. Nígbà tí mo máa fi wolẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ òsì mi ti kọjú síbi tí èmi ò kọjú sí.

Ní ọsibítù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní eegun ojúgun ti ṣẹ́ sí méjì, ẹ̀jẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ dé ìka ẹsẹ̀. Ó ní àwọn máa ṣiṣẹ́ lé e lórí, àwọn máa ṣọ́ ọ, pé bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀ ni àwọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ̀rọ̀ pé ká gé e. Ọ̀rọ̀ tó sọ pọ̀, ẹyọ kan péré ni mo gbọ́. Gé. Láti ìgbà tó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni òtútù ti ń mú mi. Mo sọ fún ọkọ mi pé kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi kì í jà. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni, ohun gbogbo ló máa ń fẹ́ kí wọ́n kọ sílẹ̀ kó tó ṣe é. Ó ní, "Dókítà ní ká ní sùúrù." Mo ní bí ẹ bá fẹ́ ní sùúrù, ẹ ní in, kí wọ́n wá gé tiyín. Ó buwọ́ lùwé pé àwa la ní a fẹ́ máa lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń kọ ọ́.

Ilé bàbá kan tó ń to eegun la gbà lọ, ní àdúgbò kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndó. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, èéfín ààtàn máa ń wọlé wá bá wa. Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá náà, mùsùlùmí ni, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ṣe náà ló ń ṣe. Ó wo ẹsẹ̀ mi fún ìgbà pípẹ́, kò fọwọ́ kàn án.

"Màá gbìyànjú," ó ní. "Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, Tíṣà. Láràárọ̀ ni màá máa tẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó ò bá mọ̀ ọ́n mọ́, sọ fún mi kíá. Eegun ni mo mọ̀, mi ò mọ ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ náà lo máa padà sí ọsibítù, èmi fúnra mi ni màá sì gbé ọ lọ."

Mo ní mo ti gbọ́. "Màá gbìyànjú" nìkan ni mo gbọ́.

Lẹ́yìn tó to eegun náà tán, ó ní kí wọ́n mú adìyẹ wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá to eegun ẹnì kan, wọ́n á ṣẹ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀ níbi tí ti ẹni náà ti ṣẹ́, wọ́n á fi oògùn kan náà kùn ún, wọ́n á fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ há a, wọ́n á sì ya lára aṣọ aláìsàn náà láti fi dì í. Bí ẹsẹ̀ adìyẹ bá ṣe ń san ni ti èèyàn á ṣe máa san. Ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn, kí ẹni náà máa múra àtirìn. Wọ́n ya etí ìró mi aláwọ̀ búlúù, wọ́n so ó mọ́ àgbébọ̀ pupa kan lẹ́sẹ̀. Mo gbọ́ igbe rẹ̀. Ọkọ mi kọjú sógiri, ó ń ka Sáàmù lábẹ́ ètè, nítorí pé àwa ọmọ ìjọ Áńgílíkà kì í bá adìyẹ ṣàìsàn. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, àlùfáà wa kì í gba ọ̀nà ibí. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì. Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ojú mi tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

Obìnrin àgbàlagbà kan ni wọ́n fi mí sí yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, opó ni, ọṣẹ ló ń tà ní Àgbàdo. Ó yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, ojúgun òsì tirẹ̀ náà ṣẹ́, ọjọ́ méjì péré ló fi ṣáájú mi débẹ̀. Ìyá ni mò ń pè é, Tíṣà ló ń pè mí. Ìyá kì í dùbúlẹ̀ sójú kan. Ó ń fìdí wọ́ káàkiri ni, á na ẹsẹ̀ tí wọ́n dì síwájú, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n fi agọ̀ bo adìyẹ tirẹ̀ àti tèmi, àgbébọ̀ pupa ni méjèèjì, aṣọ ẹsẹ̀ wọn nìkan la fi ń dá wọn mọ̀. Òun ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Ó ní òun ò lè jókòó kí òun kàn máa retí ẹsẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò.

Àárọ̀ ni ogun wa. Bàbá á tú ọparun, á bu òrí, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ náà láti orúnkún wálẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lójú tirẹ̀. Lójú tèmi, mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìrora bẹ́ẹ̀. Mo bú Bàbá. Mo bú ọlọ́kadà, mo bú ìyá tó bí i. Mo fi eyín ya etí aṣọ ìbora. Mo ti bímọ méjì rí, mi ò rí irú rẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé bó bá ti ṣe tán báyìí, ẹ̀rù àárọ̀ ọjọ́ kejì á bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ tí Bàbá ń wẹ ọwọ́ lẹ́yìnkùlé, màá fa aṣọ ìbora borí.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ṣíwọ́ oúnjẹ. Kì í ṣe pé mo gbààwẹ̀, oúnjẹ ò kàn lọ ni. Ọkọ mi gbé ìrẹsì wá, ó gbé e padà. Ó gbé ẹ̀kọ wá, ó gbé e padà. Omi gan-an, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀ mí kí n tó mu ún. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ló fẹ́ gbà, kó yáa gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé inú mi ni mo ti sọ ọ́. Ìyá gbọ́.

Ọjọ́ kẹfà bọ́ sí Jímọ̀, Bàbá ti lọ kírun. Ìyá fìdí wọ́ wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgbébọ̀ pupa kan wà lábíyá rẹ̀, aṣọ búlúù wà lẹ́sẹ̀ àgbébọ̀ náà.

"Adìyẹ mi kú," ó ní.

Ó yẹ kí n ní kó pẹ̀lẹ́. Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mo ti dàgbà ju ẹni tó ń díbọ́n lọ: inú mi dùn pé tirẹ̀ ló kú, kì í ṣe tèmi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó rántí bá a kẹ́dùn. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ó gbé àgbébọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, ó sì da àgbàdo sí mi lọ́wọ́.

"Tìẹ nìyí. Ìwọ lo máa máa bọ́ ọ báyìí, mi ò lè máa bọ́ adìyẹ ẹlòmíì nígbà tí tèmi ti kú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ náà á jẹ lẹ́ẹ̀kan. Adìyẹ tí ẹni tó ni ín ò bá jẹun kì í yè."

Mi ò bi í níbi tó ti gbọ́ ìyẹn. Àgbébọ̀ ṣa àgbàdo díẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo bu ìrẹsì ṣíbí kan. Ó tún ṣa, mo tún bù. Ìgbà tí ọkọ mi dé tó rí abọ́ òfìfo, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá dé láti mọ́sáláṣí, ó gbọ́ pé adìyẹ Ìyá kú, ó ní òun máa mú òmíràn. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, Bàbá. Ẹsẹ̀ tèmi ti dàgbà, kò nílò adìyẹ tó máa fọ̀nà hàn án." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá ti fẹ́ tú ẹsẹ̀ Ìyá, tẹ̀sùbáà ọwọ́ Ìyá a máa sáré.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìka ẹsẹ̀ mi tó kéré jù dákẹ́. Bàbá tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ẹni pé ìka ẹlòmíràn ló tẹ̀. Ọ̀rọ̀ dókítà yẹn tún dún lágbárí mi, ẹnu mi sì ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

Bí mo ṣe di olè nínú yàrá ìdánwò nìyẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń mú àwọn ọmọ tó ń jí ìwé ẹlẹ́gbẹ́ wọn wò, mo mọ gbogbo ọgbọ́n wọn. Mo ń ṣọ́ ọwọ́ Bàbá. Bí àtàǹpàkò rẹ̀ bá ti wọlé, màá fa èémí, màá di ojú, màá ní ó ń dùn mí níbẹ̀ yẹn. Oògùn tó ń fi kùn ún dúdú, ó ti sọ gbogbo ẹsẹ̀ náà di dúdú, kò sí àwọ̀ tó lè rí. Òórùn tó yẹ kó gbọ́, òrí àti èéfín ààtàn ti bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìka kékeré, èyí tó tẹ̀ lé e náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà, èyí tó wà láàárín. Mo ń mọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, mo sì ń kí Bàbá kú iṣẹ́ láràárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mi ò lè wo ẹsẹ̀ náà mọ́. Aṣọ ni mo fi ń bò ó.

Àgbébọ̀ ni mò ń wò. Ó ń san. Lọ́jọ́ kan, ó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó rìn láti ẹ̀gbẹ́ ẹní mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ń tiro díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wò yíká bí ìyàwó tuntun. Mo sunkún. Mo fi fóònù ká a sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà fi àmín mẹ́ta ránṣẹ́ padà. Mo wí fún ara mi pé adìyẹ ò mọ irọ́ pa. Bó bá ti lè rìn, ìka yòówù tó bá dákẹ́ lẹ́sẹ̀ mi, ó sùn ni, yóò jí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ tú. Ìyá jókòó níbi ẹsẹ̀ mi, ó po tíì, èmi kọjú sí fèrèsé, mò ń sọ fún un bí mo ṣe máa padà sí kíláàsì, pé ìgbà tí àgbébọ̀ bá ti lè fò sórí agọ̀, èmi náà á lè gun àtẹ̀gùn ilé-ìwé wa. Mo sọ̀rọ̀ títí.

"Tíṣà," Ìyá ní nígbà tó yá, "kí ló wà lórí ẹsẹ̀ rẹ?"

Mo yíjú. Ife tíì ni. Ife onírin, ó kún, èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ṣí aṣọ kúrò, ó sì gbé e lé mi lórí ìka ẹsẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ó gbé e kúrò. Awọ ibẹ̀ ti lé ròrò, mi ò mọ nǹkan kan.

Mo ní kí Ìyá jọ̀ọ́, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ṣebí àgbébọ̀ ń rìn. Mo ń ka ọ̀rọ̀ àgbébọ̀ yẹn lemọ́lemọ́, ó ń rìn, ẹ̀yin náà rí i, ó ń rìn.

"Adìyẹ yẹn kì í ṣe tìẹ," Ìyá ní. "Tìẹ ló kú lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Mo tú aṣọ rẹ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀, mo so ó mọ́ tèmi. O ti fẹ́ kú nígbà náà, Tíṣà. Mi ò lè wá sọ fún ẹ pé adìyẹ rẹ ti ṣáájú."

Mo bú u. Mo pe ẹni tó lè bí mi ní òpùrọ́.

"Òpùrọ́ ni mí," ó ní. "Ìwọ ńkọ́?"

Mo sunkún títí mo fi ń wú ikọ́. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, mo bi í bóyá ẹ̀rù ò ba òun náà ni, tó gbé adìyẹ alààyè sílẹ̀ fún mi, tó sì ń jẹ́ kí gbogbo ilé máa rò pé tòun ló kú. Ó ní ẹ̀rù bà á. Ó ní ojoojúmọ́ ni, pé ìgbà míràn òun máa ń rò pé adìyẹ tó kú yẹn máa wá fi ẹsẹ̀ òun ṣe ẹ̀san.

"Ṣùgbọ́n bí mo bá jí láàárọ̀," ó ní, "mo ní nǹkan tí mo fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ wò ó bóyá o ti jẹun. Kí n tó jí ọ, kí n tó bá ọ jà, kí o tó gbé ṣíbí, àyè ò sí mọ́ fún mi láti máa jókòó ti ẹsẹ̀ mi. Ohun tó gbé mi dé òní nìyẹn. Ó yá, ta ló máa pe Bàbá, èmi àbí ìwọ?"

Mo ní ká jẹ́ kó di ọ̀la. Ó ní kò sí ọ̀la kankan níbẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù, èmi fúnra mi ni mo sì pe Bàbá.

Bàbá fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ oògùn náà kúrò. Nígbà tó dé àwọn ìka, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò ó, ó fìdí lélẹ̀, ó ní, "Tíṣà, o pa mí." Òun ló lọ wá ọkọ̀, òun ló gbé ẹsẹ̀ mi lé itan ara rẹ̀ títí a fi dé ọsibítù. Dókítà obìnrin ló gbà wá. Ó bi mí pé ó tó ìgbà wo. Mo sọ òótọ́: ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò bínú sí mi, ká ní ó bínú ì bá sàn. Ó ní ká ní a wá lọ́jọ́ tí ìka kékeré yẹn dákẹ́, bóyá ìka nìkan ni wọn ì bá mú. Ní báyìí, ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti máa gé e, bí wọn ò bá sì tètè ṣe é, èmi ni yóò mú lọ. Ọkọ mi dé láti ọ́fíìsì. Ó tún buwọ́ lùwé. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo di ìwé náà mú kí ó má baà máa mì.

Lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n gé e, nọ́ọ̀sì gbé igi méjì tí wọ́n ń há sábíyá wá, ó ní kí n dìde. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń kọ̀ ọ́. Ilẹ̀ wárọ́ọ̀dù yẹn ń dán, bí mo bá wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu kànga ni mo máa ń rò pé mo wà. Etí bẹ́ẹ̀dì náà ni mo jókòó sí tí Ìyá fi wọlé. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jinná, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ó wo ibi tí ẹsẹ̀ mi dé dúró. Kò kí mi. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi ni mo fà á," ó ní. "Ká ní mo jẹ́ kó o mọ̀ pé adìyẹ rẹ kú, ò bá ti tètè lanu sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fi adìyẹ dì ọ́ lẹ́nu."

Mi ò ní purọ́, èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ti bá a jà nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n bó ṣe dúró níbẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí ọ̀pá, mo tún rí abọ́ ìrẹsì tí wọ́n ń gbé lọ tí wọ́n ń gbé bọ̀, mo sì mọ ibi tí mò ń lọ lọ́sẹ̀ náà.

"Ká ní ẹ jẹ́ kí n mọ̀ lọ́jọ́ kẹfà yẹn, Ìyá," mo ní, "ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọn ì bá kó pọ̀ mọ́ mi sin."

Ó fi etí ìborùn nu ojú. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo igi méjì náà, ó sì súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Wọ́n ní o ò fẹ́ dìde."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá."

"Ó ń ba èmi náà," ó ní. "Láti ẹnu géètì ni mo ti ń rò ó pé mo máa ṣubú. Dìde."

Mo há igi kan sábíyá, mo di èjìká rẹ̀ mú, mo dìde. Ara àwa méjèèjì ń gbọ̀n.